Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọmọdé tó bá ṣẹ̀, ṣé ẹ̀wọ̀n ló kàn?

Ẹ̀yin ará Ìwó, ká ní ọwọ́ tẹ ọmọ ọdún 14 tó jí fóònù ní ọjà Odò-Orí. Ṣé àárín àwọn ọ̀daràn àgbà ló yẹ kí wọ́n tì í mọ́? Rárá o!

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ọ̀ṣun náà ṣe tirẹ̀ ní 2007, ti là á kalẹ̀:

✅ Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni.
✅ Kíá ni kí ọlọ́pàá ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀.
✅ Àtìmọ́lé ló gbẹ̀yìn, kó má sì pẹ́.
✅ Adájọ́ ò gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n. Ó lè ní kí wọ́n máa gbà á nímọ̀ràn, kó ṣiṣẹ́ ìlú, tàbí kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa mójú tó o bó ṣe ń gbé nílé.

Ilé ìtúnwàṣe Borstal 3 péré ni ìjọba àpapọ̀ ní: Kàdúná, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí mìíràn. 🙏🏾