Ààfin Branitz àti ẹni tí ibojì rẹ̀ kò sí níbẹ̀

Ní ìlà-oòrùn Jámánì, lẹ́bàá ìlú Cottbus, ààfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Branitz. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni lónìí. Hermann von Pückler-Muskau, ìjòyè, òǹkọ̀wé àti arìnrìn-àjò, ló tún un ṣe. Ó ti kọ́kọ́ ṣe ọgbà ńlá kan ní Muskau, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó tà á ní 1845, ó sì kó wá sí Branitz, ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀.

Ilẹ̀ oníyanrìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló bá níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ adágún omi, wọ́n fi erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ mọ òkè, wọ́n sì hú igi tó ti dàgbà níbòmíràn wá gbìn. Ohun tí àlejò lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Nítorí náà, ẹ má sáré wọ inú ilé. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ọgbà ká.

Nínú adágún ni pírámídì erùpẹ̀ kan ti yọrí. Ibojì Pückler ni. Wọn kì í fàyè gba sísun òkú nígbà tí ó kú ní 1871, ó sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi ásíìdì yọ́ ọkàn òun. Lucie tí ó jẹ́ aya rẹ̀ rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Machbuba kò sí níbẹ̀. Ní 1837, ní ọjà ẹrú ìlú Kairo, Pückler ra ọmọdébìnrin yìí, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Etiópíà báyìí. “Olólùfẹ́” ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni, kì í ṣe èdè ilé rẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí orúkọ jẹ́ yóò dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ó mú un rin ìrìn àjò títí dé Vienna, lẹ́yìn náà Muskau. Ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti pa á ní oṣù kẹwàá 1840. Pückler kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ìfẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: ọmọ tí a fi owó rà kò yan ẹnì kankan. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an, ọkọ̀ ṣì ń kó àwọn ènìyàn wa láti etíkun tiwa lọ sí Bàhíà àti Kúbà.

Nínú ààfin, àwọn yàrá kan wà tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ti ìlà-oòrùn, nítorí ìrìn àjò yẹn. Wọ́n lẹ́wà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi amọ̀nà léèrè ohun tó mọ̀ nípa ọmọ náà.

Láti Berlin, ọkọ̀ ojú irin dé Cottbus láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá lè tẹ̀síwájú kó lọ sí Muskau, ọgbà tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé ní 2004, tí odò Neisse pín láàárín Jámánì àti Pólándì. Itẹ́ òkú ìlú náà ni ibojì Machbuba wà.