Màmá Kì í Ṣe Àjẹ́

Bí ìyá yín bá jẹun tán, tí wọ́n tún ń sọ fún aládùúgbò pé ẹnikẹ́ni kò fún àwọn lóúnjẹ láti àárọ̀, ẹ má bínú sí wọn. Bí a bá sì bá wọn níta lóru, tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní àjẹ́.

Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ṣíṣarán, àrùn Alzheimer ló sábà ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló ni orúkọ náà. Ní 1901, ó rí obìnrin ẹni ọdún 51 kan ní Frankfurt tí iyè rẹ̀ ti ra. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò: ọpọlọ náà ti sún kì, nǹkan bí ìdọ̀tí dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, fọ́nrán tín-ín-rín sì lọ́ pọ̀ nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò lè jíṣẹ́ fún èkejì mọ́, yóò kú.

Apá tó ń gba ohun tuntun sí ìrántí ni àrùn náà sábà ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyí tí Màmá fi lè kọ orin tí wọ́n kọ́ ní kékeré láìfo ẹsẹ kan, kí wọ́n má sì mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán ni. Wọn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ àmàlà náà kò wọ ìrántí wọn rárá.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó. Àwọn dókítà yẹ àwọn àgbà wò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì wọn jáde ní 2001: lọ́dọọdún, ó ń mú bí 12 nínú ẹgbẹ̀rún àgbà n'Ìbàdàn, bí 25 lọ́hùn-ún.

Mo gbà pé Ọlọ́run ń wonisàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó de ìyá arúgbó mọ́lẹ̀ lórí òkè àdúrà, tó ń febi pa á kó lè jẹ́wọ́, ìkà ló ṣe. Òfin karùn-ún kò yọ ìyá tó ti gbàgbé orúkọ wa sílẹ̀.

Títí di òní, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Síbẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àìsàn mìíràn tó ṣeé wò lè da iyè rú bákan náà. Ẹ má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò tíì jẹun, ẹ bu díẹ̀ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sára aṣọ wọn. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ rántí ìyàwó ilé tí kì í rí oorun sùn nítorí Màmá: ẹ lọ bá a jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán Sátidé, kí òun náà lè fẹ̀yìn lélẹ̀.