Lẹ́sìn: Bí Ìmúrasílẹ̀ fún JAMB Ṣe Di Òwò ní Ọ̀jọ́, Ìbá àti Òkokomáíkò

Lẹ́sìn ni orúkọ tí tọmọdé tàgbà ní Ọ̀jọ́, Ìbá àti Òkokomáíkò ní Èkó ń pe ẹ̀kọ́ àfikún tí òbí ń sanwó fún lẹ́yìn owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n bí ìdánwò JAMB bá ti ń súnmọ́lé, ìtumọ̀ rẹ̀ a máa súnkì: yóò di ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là kọjá. Àwọn àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò náà kì í fi bò pé nígbà tiwọn, ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, àmọ́ ìbéèrè ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kà. Ìrìn-àjò láti orí ìwé dé orí ìbéèrè yìí sì ni ìtàn òwò lẹ́sìn.

Kí JAMB tó dé, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, tí ẹnìkan lè rí àyè ní ibi mẹ́ta kí ẹlòmíràn má rí ọ̀kan, ìdí sì nìyí tí ìjọba ológun ìgbà Ọbásanjọ́ fi dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1978. Nígbà tó di 1983, ìjọba Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, fi òfin dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí Ọ̀jọ́. Ibi tí yunifásítì bá wà, oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń pé jọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: ẹni tó ń wá ọ̀nà àtiwọlé, àti ẹni tó ti wọlé tó ń wá owó yàrá tó gbà ní Ìbá tàbí Òkokomáíkò. Ẹnìkejì yìí ló di olùkọ́ lẹ́sìn fún ẹnìkíní. Ohun tó wá jẹ́ kí òwò náà pẹ́ ni pé èsì JAMB kì í kọjá ọdún tí wọ́n ṣe é, kò dàbí ti WAEC, ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama, tí kì í kú, nítorí náà ẹni tí kò bá rí àyè lọ́dún yìí yóò padà sórí àga kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Àyè náà kò sì rọrùn láti rí: ní 2024, nígbà tí 140 jẹ́ máàkì tó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn yunifásítì, 195 ni LASU ń béèrè.

Ìmúrasílẹ̀ mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sára pátákó, òun ni expo, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tó jò síta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kò sí ẹni tó ń jiyàn nípa ọdún tí orúkọ náà gbòde, torí 1977 ni ìbéèrè WAEC jò débi pé Expo 77 ni gbogbo ìlú ń pè é. Ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ ni àríyànjiyàn wà, àwọn ará òpópónà Àgbádárìgì tó gba Ọ̀jọ́ kọjá sì ka àríyànjiyàn náà sí ohun ìní tiwọn. Apá kan ní FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò rẹ̀ di Festac Town, ló bí i. Apá kejì, tó jẹ́ ti Ọ̀jọ́ gan-an, ní rárá o, pé ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Trade Fair ni, nítorí pé ìpàtẹ ni òyìnbó ń pè ní expo. Apá kẹta kò bá wọn dé òpópónà rárá: wọ́n ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí títú àṣírí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gé kúrú.

Bí a bá to oṣù ọdún náà, ẹjọ́ Trade Fair kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí oṣù kọkànlá ni ìpàtẹ náà ṣí, nígbà tí ìdánwò WAEC ti oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ti parí tipẹ́. FESTAC bọ́ sí àkókò tó tọ́, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pe àjọ̀dún náà ní expo. Ó jọ pé ti apá kẹta ni orí ọ̀rọ̀ náà, kí 77 tó wà nídìí rẹ̀ sì jẹ́ ìrù tí wọ́n yá lára FESTAC '77, tí orúkọ rẹ̀ kún ẹnu gbogbo ènìyàn lọ́dún náà. Nígbà tó yá, òfin ológun nọ́ńbà ogún, ti 1984, fi ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò. Ọdún ẹ̀wọ̀n náà ti di ìgbàgbé lẹ́nu ènìyàn, expo kò di ìgbàgbé.

Kọ̀ǹpútà ló dín agbára expo kù. Láti 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ìdánwò, nígbà tó sì fi di 2015, bébà ti kúrò nílẹ̀ pátápátá, débi pé ìbéèrè tó wà níwájú ẹnìkan kì í tẹ̀léra bíi ti ẹni tó jókòó tì í. Lẹ́sìn bá yí padà, eré sísá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ báyìí. Ìbéèrè 180 ló wà nínú ìdánwò náà, ọgọ́ta fún èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ogójì fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì sì ni àkókò rẹ̀, èyí tó já sí ìṣẹ́jú àáyá ogójì fún ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò mọ máòsì í lò yóò kọ́ bí a ṣe ń fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R fún ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ S. Ìka a máa mọ ọ̀nà kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n.

Ìwé ìtàn kan ṣoṣo tí JAMB yàn fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti kà, èyí tó jẹ́ The Lekki Headmaster ní 2025, kò bọ́ lọ́wọ́ eré yìí, nítorí àkékúrú rẹ̀ lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ ń kà dípò ìwé fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà olùkọ́ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa dójú tini ní ọdún kìíní ní yunifásítì, níbi tí kò ti sí A, B, C, D láti yàn. Wọn kì í ka iye ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ fúnni, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ní Ìyànà Ìbá, ìwé ìbéèrè àtijọ́ tó ti gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta ṣì ń tà, pẹ̀lú àmì ìdáhùn tí ẹni àkọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù fà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn tó rà á yóò kọ́kọ́ fi rọ́bà pa àmì náà rẹ́ ná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.