Lanthanum Chloride: Iyọ̀ Tí Ó Ń Ti Inú Yanrìn Kùsà Wá

Ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, bí àwọn awakùsà bá ti fọ tánńganran kúrò lára erùpẹ̀ tán, yanrìn wúwo kan a máa ṣẹ́kù. Inú yanrìn náà ni òkúta wẹ́wẹ́ kan wà, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ monazite. Irú òkúta yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe lanthanum chloride. Ó yẹ kí gbogbo ará ìpínlẹ̀ yìí mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ iye òkúta tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Carl Gustaf Mosander, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ni ó ṣàwárí lanthanum ní ọdún 1839. Inú cerium ni ó sápamọ́ sí, ìdí nìyí tí wọ́n fi fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìfarapamọ́ ní èdè Gíríìkì. Wọ́n kà á mọ́ àwọn mẹ́táàlì tí ó ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀ ju òjé lọ. Ibi tí ó kóra jọ sí ni kò wọ́pọ̀.

Bí lanthanum bá pàdé chlorine, iyọ̀ funfun ni wọ́n ń dà. Iyọ̀ yìí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ tí a kò dé nígbà òjò, ó sì tètè ń yòrò nínú omi. Èyí tí ó gbẹ pátápátá kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó ìwọ̀n 858 Celsius.

Ṣíṣe rẹ̀ gba sùúrù. Phosphate ni ó di lanthanum mú nínú monazite, ìdè náà sì le. Wọn a lọ òkúta náà kúnná, wọn a sè é pẹ̀lú sóòdà alágbára kí phosphate lè bá omi lọ, lẹ́yìn náà ni wọn a fi ásíìdì yọ́ ohun tí ó kù. Ṣùgbọ́n lanthanum kò dá nìkan jáde: cerium àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì ń bá a rìn, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó sì ń náni lówó jù lọ. Gbígbẹ iyọ̀ náà pẹ̀lú ní ẹ̀tàn nínú. Bí a bá kàn gbé e kaná, omi inú rẹ̀ yóò lé lára chlorine náà jáde, iyọ̀ náà yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po ammonium chloride mọ́ ọn kí wọ́n tó yan án.

Ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo, wọ́n ń rẹ èròjà kan tí ń jẹ́ zeolite sínú omi iyọ̀ yìí. Zeolite ni ó ń fọ́ epo rọ̀bì tí ó nípọn sí wẹ́wẹ́ di bẹntiróòlù. Lanthanum ni kò jẹ́ kí ó wó nínú ooru àti oruku gbígbóná. Wọ́n tún ń dà á sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ láti mú phosphate tí ń bọ́ èéhù kúrò. Ẹ wo bí lanthanum ṣe tún padà sínú ìdè àtijọ́ rẹ̀! Bí wọ́n bá sì fi cerium díẹ̀ sínú rẹ̀, kírísítálì rẹ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ bí ìtànṣán olóró bá kàn án, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán náà.

Ìtànṣán yìí gan-an ni ó kàn wá jù. Monazite ní thorium nínú, ìtànṣán olóró sì ń jáde lára thorium. Ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, àwọn kan ti fi yanrìn ìdọ̀tí kùsà kọ́lé. Ẹ má ṣe fi irú yanrìn bẹ́ẹ̀ mọlé, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá, ẹ má sì ṣe lọ̀ ọ́ níbi tí ẹ ó ti fa eruku rẹ̀ símú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán sóòdà àti ásíìdì wò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lábẹ́ òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007, Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni gbogbo kùsà inú ilẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò sì gbọdọ̀ wà á. Ẹni tí ó bá rí yanrìn wúwo tí ó fura sí, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó sì fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó kùsà létí.