Ẹ Máa Wo Ojú Ìyá Yín Bí Ẹ Ti Jọ Ń Hun Wúùlù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà wúùlù híhun ni n ó gbà dé ibẹ̀. Ní Morogbo níhìn-ín, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, mo máa ń rí ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n gbé àga síwájú ilé bí oòrùn bá ti rọ̀, tí wọ́n jọ ń hun fìlà tàbí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ-ọwọ́. Iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ló yẹ ìta: àpò kan gbà á, a sì lè parí rẹ̀ kí ọwọ́ tó máa ro ni. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, Danielle Landes dá ọjọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2005 fún àwọn ahunwúùlù láti jáde jókòó ní gbangba. Ó dára, ṣùgbọ́n bàbá àti ọmọ ti ń jókòó létí ọ̀sà tún àwọ̀n ṣe tipẹ́tipẹ́ kí a tó gbọ́ nípa ọjọ́ náà.

Ìgbà tí ẹ bá jókòó ti ìyá yín báyìí, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ni ẹ lè tètè mọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Òun fúnra rẹ̀ lè má sọ. Àgbàlagbà a ní ọwọ́ òun ni kò gbọ́ràn mọ́, a sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò ṣe nǹkan kan.

Bí ó bá ń na iṣẹ́ náà jìnnà sí ojú kí ó tó rí i, tí ojú òwú sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má fòyà. Bí ènìyàn bá ti tó nǹkan bí ọmọ ogójì ọdún, awò tí Ọlọ́run dá sínú ojú a máa le, kò ní lè ká ara rẹ̀ mọ́ fún ohun tó wà nítòsí. Awò ojú tí a fi ń kàwé ni oògùn rẹ̀. Ẹ fún un ní òwú tó mọ́ láwọ̀. Dúdú a máa dá ojú láàmú.

Bí ó bá ti lo awò ojú, síbẹ̀ tí ó ní ìkùukùu bo ohun gbogbo, tí iná mọ́tò sì ń fọ́n sí i lójú lálẹ́, ó lè jẹ́ pé awò inú ojú náà ti di funfun. Dókítà ojú lè yọ ọ́ kí ó fi òmíràn sí i, aláìsàn púpọ̀ sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kiri fi abẹ́rẹ́ ti funfun náà wọ inú ojú ìyá yín. Ìríran lè dé fún ọjọ́ díẹ̀, kí ojú sì fọ́ pátápátá lẹ́yìn náà.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àrùn tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Kì í sábà dun ni. Ẹ̀gbẹ́ ìran ló sábà kọ́kọ́ ń jẹ, nítorí náà ìyá yóò máa rí ojú òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò ní rí kókó wúùlù tó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tàbí ọmọ tó ń kọjá lápá òsì. Ìríran tó bá ti lọ kò ní padà. Oògùn ojú tàbí iṣẹ́ abẹ ni a fi ń pa èyí tó kù mọ́. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń rìn nínú ìdílé. Bí wọ́n bá rí i lójú ìyá, kí ọmọ tó jókòó tì í náà lọ yẹ ojú wò, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáká.

Ní ti ọwọ́, ẹ sinmi ní bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Bí ìka bá ń ta jìnjìn lóru tí ó ń jí ènìyàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ bá parí, ọmọ ni kí ó yí inú rẹ̀ síta yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gé okùn tó bá tú. Ojú ìyá lè má rí okùn bẹ́ẹ̀, ó sì lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ-ọwọ́ kí ó dí ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ-ọwọ́ bá ń ké tí ẹ kò mọ ìdí, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ẹ wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.