Kìlómítà Tàbí Oṣù: Ọ́ìlì Ọkọ̀ Tó Ń Jókòó Sílé ní Ṣábẹ̀ẹ́

Irú ọkọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Èkíní ni tákísì tó ń na títì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń kó èrò lọ sí Kútọ̀nù, tó sì ń kó wọn bọ̀. Èkejì ni ọkọ̀ tí ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀nù tàbí lókè òkun rà sílé. Wọ́n fi tapólì bò ó lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Onítákísì kì í jiyàn lórí ọ́ìlì, nítorí ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tó ni èkejì ló máa ń sọ pé, "Ọkọ̀ tí kò rìn, kí ló fẹ́ ba ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò, nítorí ẹ́ńjìnnì rere tó ti bà jẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Kútọ̀nù sí Ṣábẹ̀ẹ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 250. Tákísì tó bá lọ tó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan ti rin 500. Bí onímọ́tò bá ń yí ọ́ìlì ní 5,000, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi máa dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ilé ńkọ́? Ká ní ó ń rin kìlómítà mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 416. Bí òun náà bá ń dúró de 5,000, ọdún 12 ni yóò fi lo ọ́ìlì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò fọwọ́ sí irú èyí. Toyota ní kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lo ọ́ìlì 0W-20 yí i ní máìlì 10,000 tàbí oṣù 12, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Volkswagen, nínú ètò LongLife rẹ̀ ní Yúróòpù, yọ̀ǹda tó kìlómítà 30,000, síbẹ̀ kò gbà kó kọjá ọdún méjì. Oṣù àti kìlómítà ni wọ́n jọ ń kà. Kìlómítà nìkan ni onílé tiwa ń kà.

Kí ló wá ń ṣe ọ́ìlì tó jókòó? Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná nínú ẹ́ńjìnnì máa ń bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù ń gba páìpù èéfín jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnì bọ́ sínú ọ́ìlì. Ní ti tákísì, ìyẹn kì í ṣe wàhálà: wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lójú títì á mú kí ọ́ìlì gbóná gan-an, omi á sì gbẹ kúrò. Ooru, eruku àti dúdú èéfín ló ń gbó ọ́ìlì tirẹ̀. Ọkọ̀ tó rin kìlómítà mẹ́rin kò tíì gbóná tí wọ́n fi pa á. Kí ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ìgbóná iwájú awakọ̀ tàn yín: ìgbóná omi rédíétọ̀ ló ń sọ, ọ́ìlì máa ń pẹ́ kó tó bá a. Omi tó kù sílẹ̀ á dara pọ̀ mọ́ ohun tí epo tó jóná fi sílẹ̀, á di ásíìdì. Àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì láti pa ásíìdì á máa tán lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Nígbà tí wọ́n bá tán, bíárìn ló kàn.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá bá ohun kan tó ki, tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì lábẹ́ ìdérí náà, omi ló dé yẹn. (Bí omi rédíétọ̀ náà bá ń dín kù, ẹ tètè pe mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó.) Ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún tì í bọ̀ ọ́. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì òkè lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì dà á kún un, tó tún ń rùn bí bẹntiróòlù, epo tí kò jóná ló ti dà wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ti ṣàn jù, kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe láti ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ni pé wọ́n á ní kí ọmọ lọ sítáàtì rẹ̀ ní àràárọ̀, kó jẹ́ kó jó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ń ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n omi àti epo tutù ni wọ́n ń fi kún inú ọ́ìlì lójoojúmọ́. Ẹ wo ọkọ̀ ilé méjì tí àwọn méjèèjì rin nǹkan bíi 400 lọ́dún. Ọ̀kan fi kìlómítà mẹ́rin-mẹ́rin rìn ín. Èkejì lọ sí Ìdáàṣà, ó sì bọ̀, nǹkan bíi 100 ní àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin péré láàárín ọdún. Kìlómítà wọn dọ́gba, ọ́ìlì wọn ò dọ́gba rárá. Tèkejì gbóná délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó jáde. Èrò mi ni pé kí èkejì máa yí ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí èkíní sì máa yí i ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, àfi bí onílé bá lè mú un lọ sí ọjà Glazoué tàbí Ìdáàṣà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Lórí fílítà, àwọn tó ní ká fi sílẹ̀ ní ẹjọ́ rò. Bébà inú fílítà tó rin 400 kò lè dọ̀tí púpọ̀, Honda pàápàá sì ti sọ fún àwọn kan lára ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí ọ́ìlì méjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Corolla tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE: lítà 3.7 ni bí a bá yí fílítà, 3.5 bí a kò bá yí i. Ọ́ìlì tó ní ásíìdì ni ìyàtọ̀ yẹn, èyí tí a tún dá padà sínú tuntun. Rọ́bà kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ fílítà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ọjọ́ orí náà ń mú un le, kì í ṣe ìrìn nìkan. Bó bá ti le gan, ọkọ̀ tó jókòó fún oṣù kan á máa lu kọ̀kọ̀kọ̀ nígbà tí ẹ bá sítáàtì rẹ̀, torí ọ́ìlì ò tíì dé òkè. Nítorí náà, ẹni tó ń yí ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó yí fílítà mọ́ ọn nígbà gbogbo. Ẹni tó ń ṣe é ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà lè fo ọ̀kan. Ní ti tákísì, kò sí àríyànjiyàn: ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun.

Àwọn tó ń wá sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì máa ń yí ọ́ìlì ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n lè gbádùn ọkọ̀. Mo rọ̀ yín, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ padà ni kí ẹ yí i. Ọ́ìlì mímọ́ ló yẹ kó bá ẹ́ńjìnnì jókòó títí ẹ ó fi dé. Ẹ gbé e rìn títí ọ́ìlì náà á fi kárí, tí á sì gbóná délẹ̀, kí ẹ tó fi tapólì bò ó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára bébà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, nítorí kìlómítà ò ní rán ẹnikẹ́ni létí. Ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n bá jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kí mẹkáníìkì kó o lọ. Kànga lọ̀pọ̀ ilé wa ti ń pọn omi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sílẹ̀ nínú àgbàlá.