Ohun Tí Kílípà Ń Fi Sílẹ̀

Ní Obajana, lójú ọ̀nà tó ti Lọ́kọ́ja lọ sí Kàbà, sìmẹ́ǹtì ni iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Dangote tó wà níbẹ̀ lágbára láti ṣe mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ẹni tó bá sì ń fi sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ó ń dì í sápò ni, ìbáà jẹ́ pé ó ń kó o sọ́kọ̀, kò lè ṣe kí eruku rẹ̀ má bà á lójú. Eruku yìí kì í ṣe eruku lásán mọ́ tó bá ti pàdé òógùn: ó ń ta bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí awọ ara bá jí pépé, a lè tètè fi omi ṣàn án kúrò kó tó ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ ní ìdájí, tó ní ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, ìhòòhò ló wà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé irùngbọ̀n fífá kúrò ní ọ̀rọ̀ oge nìkan fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àti pé kílípà ni irinṣẹ́ tó yẹ ẹ́ jù, nítorí pé kílípà kì í fá irun kan ìdí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irun náà. Irun èyí tó pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú kì í hù tààrà. Láti inú ihò rẹ̀ lábẹ́ awọ ló ti ń tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Abẹ a gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ a ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó bá ti ń gùn díẹ̀díẹ̀, ó ń ká padà, títí tí yóò fi gún awọ tó ti inú rẹ̀ jáde. Ara kò mọ̀ pé irun òun ni. Ó ń bá a jà bí ìgbà tí ẹ̀gún bá gún ènìyàn. Ibẹ̀ a wú, a máa yún, a di kókó, bó bá sì lọ tán, àpá dúdú ló ń fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kòkòrò àrùn ló fà á, wọ́n ń da sípírítì sí i lójoojúmọ́. Láti 1956 ni Strauss àti Kligman, oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ pé irun tó ká wọlé ni ìdí ọ̀rọ̀. Abẹ olójú méjì tí Gillette gbé jáde ní 1971 tún wá dá kún un: ojú kìíní ń fa irun sókè, ojú kejì ń gé e, ìyókù a sì sún wọ abẹ́ awọ. Irun bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ ní rí ìta kó tó gún ẹran. Fífá tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn, òun gan-an ló ń pa wá lára.

Bí wọ́n ṣe ṣe kílípà ni kò jẹ́ kó lè ṣe èyí. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ ó rí abẹ méjì tó léyín bí òòyà. Ti ìsàlẹ̀ kì í mira, òun ló ń kan awọ. Ti òkè ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ó má baà dé ṣóńṣó eyín ti ìsàlẹ̀. Irun á wọ àárín eyín, abẹ méjèèjì á pàdé lórí rẹ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Nítorí pé abẹ ìsàlẹ̀ wà láàárín awọ àti abẹ òkè, irun tó kù á ga tó ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ kò sì ní mú bí ti èyí tí abẹ dá sí ìdagẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń mì ín ni Leo Wahl ti ìlú Sterling, ní ìpínlẹ̀ Illinois, gbé kalẹ̀ ní 1919. Irin tí wọ́n wé wáyà mọ́ wà nínú rẹ̀. Bí iná bá wọ wáyà náà, irin á di òòfà, á fa apá tó gbé abẹ òkè mọ́ra. Bí iná bá rọlẹ̀, sípíríǹgì á dá a padà. Iná tiwa ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà ń fa lẹ́ẹ̀mejì nínú àlọ àtàbọ̀ kọ̀ọ̀kan, abẹ á sì gé nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Òun ni ìró hùn-ùn tí à ń gbọ́ létí. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń rẹ̀wẹ̀sì, òòfà kò fa dáadáa mọ́, abẹ kò rìn dé òpin, ló bá ń fa irun tu dípò kó gé e. Nígbà tí iná bá sì pọ̀ jù, á máa pa kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ nírú àkókò yìí. Síkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò yí, títí ìró rẹ̀ á fi dọ́gba. Á kán òróró máṣíìnì díẹ̀ sáàárín abẹ, nítorí irin tó ń ha irin á gbóná, awọ ọrùn kò sì fẹ́ ooru.

Ẹnìkan lè wí pé kílípà yìí náà ló fi kókó sí ẹ̀yìn ọrùn òun. Òótọ́ lè ni. Àwọn onígbàjámọ̀ kan máa ń tún abẹ náà tò kí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè dọ́gba lẹ́nu, kí gorímápá lè dán, kí lílà iwájú orí lè mú. Kílípà tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti di abẹ. Kí oníbàárà ní kí wọ́n fa ti òkè sẹ́yìn padà, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn á ní abẹ làwọn baba wa fi ń fárí fárùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í fá a láràárọ̀ nítorí ọ́fíìsì. Irun tó bá rí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbà á gùn kọjá ibi tó ti lè ká wọlé, èyí tó ti há tẹ́lẹ̀ á sì ta jáde fúnra rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìbòmú tí òṣìṣẹ́ fi ń dènà eruku. Ìbòmú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú pinpin kì í ṣiṣẹ́ bí irun bá wà lábẹ́ etí rẹ̀, eruku á gba àárín irun wọlé. Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ kọ irun níbẹ̀. Bó ti wù kí irun tí kílípà fi sílẹ̀ kúrú tó, irun ṣì ni. N kò ní ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ìbòmú kò gba gbogbo ojú. Orí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n ló gbà. Ọrùn, níbi tí kókó ti ń pọ̀ jù, kò sí lára wọn, kílípà ló ni ín. Níbi tí etí ìbòmú bá gbà, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìfófò ọṣẹ rin irun náà dáadáa, kí a fi abẹ olójú kan fá a lọ síbi tí irun dojú kọ, láì fọwọ́ na awọ, láì tún un gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gba abẹ rárá, oríṣi mìíràn wà fún un: ìborí tí fáànù kékeré oníbátìrì ń fẹ́ atẹ́gùn tí a ti sẹ́ sínú rẹ̀, tí kò nílò kó lẹ̀ mọ́ ojú. Ó wọ́n ju ìbòmú lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kó gbé e lọ, kó mú ìwé dókítà dání.